Ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Success àti Òjò Oṣù Kẹta

Ẹni tó bá ń wá Tíṣà Adétúnjí Mọ́ládé ní Ṣakí, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí nọ́ńbà ilé. Kó ṣáà béèrè tíṣà tí wọ́n gbọ́wọ́ lé lórí nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọdé á mú un dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gírámà kan, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tó ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Adégbénró. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, bí tíṣà bá ti ka ẹ̀kọ́ tán, á ní, "Ṣé ìbéèrè wà?" Gbogbo ìjọ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kò sí! Ó yé wa!" Màmá Débọ́lá tó ń mójú tó agogo ìjọ á sì lù ú. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni gbogbo nǹkan fi yé wọn bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀dá ayé yé wọn, Mẹ́talọ́kan yé wọn, ẹranko olórí méje inú ìwé Ìfihàn náà yé wọn yékéyéké. Èmi ò tíì rí ìjọ tí nǹkan yé tó báyìí láyé mi.

Òjò kan péré ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Tíṣà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Success, gbodo ló ń ṣe tà. Iṣu ni gbodo: wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á wá sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ táútáú, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Lọ́dún yìí, ọ̀ọ́dúnrún iṣu ló kó láti Ìgbòho. Ó sá a, orí àpáta ẹ̀yìn ilé wọn funfun báláú. Ó ku ọjọ́ méjì kó gbẹ ni òjò oṣù kẹta dé láìròtẹ́lẹ̀, wákàtí mẹ́ta ló fi rọ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo gbodo náà ti bu, ó ti ń rùn.

Ìyá Success tọ Pásítọ̀ lọ. Pásítọ̀ kì í ṣe ìkà èèyàn o. Ìdáhùn ló máa ń yára jù lẹ́nu rẹ̀, ìdáhùn a máa dé kí ìbéèrè tó jókòó. Ó ní, "Ìyá Success, Ọlọ́run kì í ṣèèṣì. Ẹ lọ yẹ ara yín wò, ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ níbì kan. Ẹ gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́, kí ẹ máa jẹ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe di ohun tí wọ́n ń wá kiri nílé Tíṣà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kìíní, obìnrin náà jẹ́wọ́ agbálùmọ̀ tó jí ká nígbà tó wà ní ìwé kẹrin. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jẹ́wọ́ pé òun máa ń sùn nígbà ìwàásù. Nígbà tí tirẹ̀ wọ́n, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Success, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí ọ̀kan. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ mí jù." Tíṣà ronú ronú, ó ní ó da iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù lọ́jọ́ ìkómọ Success. Inú Ìyá Success dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwáwù tí ilé wọn jọ kanra, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, fẹ́ ṣàánú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo ní ọ̀kan tí mo ti tọrọ àforíjìn rẹ̀ nínú oṣù Ràmàdánì. N ò lò ó mọ́. Bó bá máa wúlò fún ọ, mú un."

Tíṣà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìró ìyàwó òun ń já bọ́ ní ìdí rẹ̀, tó tún gbọ́ tó ń bẹ Ọlọ́run nínú ilé ìdáná pé kó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà han òun kí òun tó kú, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidi. Gbodo tó bu lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, Jùmọ̀kẹ́ ńkọ́?

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Alàgbà Sàlàkọ́ ṣe ìdúpẹ́. Àgbàdo ni alàgbà yìí ń gbìn. Ó ti tètè gbìn, ó sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí òjò lè rọ̀. Ó fa òbúkọ kan jáde, ó ń jó bọ̀, ó ń làágùn. Pásítọ̀ kígbe pé, "Ọlọ́run rọ òjò oṣù kẹta fún Alàgbà Sàlàkọ́!" Ìjọ ṣe àmín. Àmín yẹn ò tíì tán nílẹ̀ tí Pásítọ̀ fi ní, "Ẹni tí òjò oṣù kẹta fìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹ, kó jáde wá jẹ́wọ́." Ìyá Success jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òbúkọ. Ìjọ tún ṣe àmín.

Tíṣà wo òbúkọ, ó wo ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tún tẹ̀ lé e, ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tán, ó bi wọ́n bóyá ìbéèrè wà. "Kò sí! Ó yé wa!"

Tíṣà ní, "Èmi ní ọ̀kan."

Màmá Débọ́lá yára lu agogo. Tíṣà ní, "Òjò kan náà," agogo dún. "Ṣé ìdáhùn àdúrà ni," agogo dún, "àbí ìyà ẹ̀ṣẹ̀?" Màmá Débọ́lá lu agogo títí apá fi ń ro ó.

Wọ́n ní ẹ̀mí ìbéèrè ló bà lé e. Ọkùnrin méje gbọ́wọ́ lé e lórí fún wákàtí kan. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ní, "Tíṣà, ó ti jáde, àbí?" Tíṣà ní, "Kí ló jáde?" Wọ́n wo ara wọn. Ìbéèrè tún nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí àwọn àgbà ìjọ sùn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ sì lẹ àtẹ mọ́ ara ògiri: àwọn olóòjò, ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ òjò, máa gbàdúrà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn olóòrùn tí kò fẹ́ ẹ, lọ́jọ́bọ̀, kó má baà rú Ọlọ́run lójú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olóòjò ti ń yọ́ wá lọ́jọ́bọ̀ láti gbọ́ ohun tí àwọn olóòrùn ń sọ nípa wọn. Àwọn ọlọ́kadà náà kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn fi ìkùukùu láìsí òjò sí ọjọ́ ẹtì. Ìgbìmọ̀ ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò.

Ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ náà pé ní ọjọ́ ìsinmi kan. Pásítọ̀ pe Ìyá Success kó wá jẹ́wọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó dìde, ó di àga mú.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tán. Mo ti jẹ́wọ́ ti Àwáwù pàápàá. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ló mú òjò yẹn wá, a jẹ́ pé èmi ni mo bomi rin àgbàdo Alàgbà Sàlàkọ́. Èmi ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ni òbúkọ. Bó bá sì jẹ́ àdúrà wọn ló mú un wá, kí ni mo ń febi para mi fún?"

Pásítọ̀ ṣí Bíbélì, ó wo ojú ewé kan, ó pa á dé. Ó wá ní, "Ìyá Success, n ò mọ̀." Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé náà. "Mo dá yín lóhùn lọ́jọ́ yẹn kí n tó ronú. Ẹ forí jì mí."

Alàgbà Sàlàkọ́ dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé yín ni mo gbà lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò. Mo rí gbodo yín nínú omi. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo sì kọjá."

Ìyá Success jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti rù, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ.

"Bàbá Success," ó ní, "ebi ń pa mí."