Kálàmù Igi Arère fún Baba

Orúkọ mi ló burẹ́wà jù nínú ìwé ìdílé wa. Kì í ṣe orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni mo ń wí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni. Baba mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí nílé wa ní Kàbà sí. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo wà lókè pátápátá. Àwọn lẹ́tà ibẹ̀ wọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, íńkì sì ta sí wọn lápá kan. Ẹ wá wo ti àwọn àbúrò mi mẹ́rin nísàlẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí i. Ẹ̀rín ni Baba máa ń rín: "Ìwọ ni mo fi kọ́ ọwọ́."

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Baba. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò padà tán. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi òsì kọ̀wé. Baba ní òun lè fi òsì mu tíì, òun lè fi lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n kò ní kan ìwé yẹn. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣé òun ni màá wá fi kọ orúkọ ọmọ tuntun?"

Kò pẹ́ sí i ni ọmọbìnrin mi bímọ, àkọ́kọ́ nínú ìran tó tẹ̀ lé ti àwọn ọmọ wa. A sọ ọmọ lórúkọ. Àbúrò mi ní òun á bá Baba kọ ọ́, Baba ní kó fi ìlà náà sílẹ̀. Ó ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá, Baba ò béèrè ìwé náà mọ́, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ẹ̀rù bà mí pé Baba ti jọ̀wọ́ ara wọn.

Mo gba ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, tó ń fi ẹ̀rọ yí igi di kálàmù. "Okun o, Àǹtí," ó kí mi bí a ṣe ń kíni nílé wa, ó sì kó ohun tó ń pè ní kíìtì sórí tábìlì: àwọn irin wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá, ẹnu kálàmù, ìdérí, ìkọ́ àpò, àti túùbù tí igi máa ń wọ̀ lé lórí. Oríṣi kíìtì mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ó wúwo. Ọ̀kan dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta funfun báláú, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó ní báwo ni ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó ṣe rí. Mo ní ọwọ́ tíṣà ni. Mo gba aláwọ̀ wúrà. Igi tèmi wà lọ́wọ́ mi, kùkùté kọfí láti oko Baba, kọfí tó rán àwa márààrún lọ sílé ìwé.

Ó gbé e wò. "Kọfí yìí wúwo, Àǹtí, irin yẹn náà wúwo. Ẹ ò ṣe mú arère?"

"Arère tí wọ́n fi ń kan àpótí? Fún baba mi?"

"Tò, ó dáa," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kálàmù náà rẹwà. Baba gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Kọfí wa nìyí," inú wọn sì dùn. Wọ́n fi sí ọwọ́ ọ̀tún, ó jábọ́. Wọ́n tún mú un, ó tún jábọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n rọra fi sápò. "Ó dára. Màá máa gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì." Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sunkún. Inú ń bí mi sí ara mi.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà náà, tí mo sọ fún un pé kálàmù ń jábọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ọwọ́ Baba lẹ rà á fún, àbí ojú yín?" Ó fún mi ní amọ̀ rírọ̀ tó kún ọwọ́ kan, ó ní kí Baba dì í mú bí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe. Baba rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i. "Bí a ṣe ń wọn ẹ̀rúkọ́ nìyí. Ọkọ́ ẹlòmíràn á bó ọ lọ́wọ́ ni." Ìka méjì wọnú amọ̀ náà dáadáa, àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án. Inú kúlà oúnjẹ ni mo gbé e sí lórí ọ̀kadà kí ó má baà tẹ̀.

Igi arère àti kíìtì funfun ni mo gbà lọ́tẹ̀ yìí. Kálàmù tó jáde sanra bí ọmọ àgbàdo, ó sì ní kòtò níbi tí ìka Baba máa ń wà. N kò rí ohun tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, Baba ní kí n gbé ìwé wá. Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Baba fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orúkọ ọmọ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí tíì iwájú wọn fi tutù. Ó wọ́, íńkì sì ta. Wọ́n wá ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n fi ìka lé ìlà tèmi.

"Wò ó. Ọwọ́ kan náà ni."

"Ẹ ní èmi lẹ fi kọ́ ọwọ́."

"Irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ilé kún fún èrò, Ìye rẹ tó bí ọ ṣì wà ní ọsibítù. Èmi nìkan ni dókítà sọ fún pé kò dájú pé yóò yè. Mo ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti fi ń bínú sí ìlà yẹn. Mo na ọwọ́ láti pa ìwé náà dé kí omi ojú mi má baà kán sí i.

Ìyá mi kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀gúsí. "Mo ṣá yè," wọ́n ní. "Má tíì pa á dé, íńkì ò tíì gbẹ."