Ọ̀nà Aramọkọ Kọ́ La Gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, torí bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ti jáde ilé ìwé Mọ́dáànù, mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìjerò. Bàbá wa ṣaláìsí lójijì. Bí a ṣe sin wọ́n tán ni oorun sá lójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn fèrèsé, pé kí n wá ṣílẹ̀kùn. Mo sì máa ń ṣí i o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in, kò tíì ṣe é rí ni.

Ìyá mi mú mi lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, kò pè mí ní wèrè. Wọ́n ní àìsàn ni, pé ilé ìwòsàn kan ń bẹ lápá Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ láìde èèyàn mọ́lẹ̀. Èmi àti ẹbí mi kan la ó gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Ẹbí mi á máa dáná, èmi á máa lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, n ó sì máa padà sí abúlé nírọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju pé kí ẹnì kan tẹ̀lé mi.

Ìyá mi ní àwọn á lọ. Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà, ló ní rárá, pé ìyá ò gbọ́ òyìnbó, pé òun lòun á mú mi lọ. Ẹ má bínú pé mi ò fi "wọ́n" pè é. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lẹ́nu mi.

Inú mi dùn nígbà náà. Ṣé kò yẹ kó dùn? Òun ló kọ́ mi ní ABD. Bó bá ní kí n bẹ́ sódò, n ó bẹ́ ni.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, mo wọ aṣọ Àjíǹde mi, mo gbé àpótí mi. Ọkọ̀ gbéra, ó kọrí sí Ìpotì. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣebí ọ̀nà Aramọkọ ló yẹ ká gbà?" Ó ní ọkọ̀ Ìbàdàn tó dáa ń bẹ ní Ìpotì. Láti Ìpotì, a fẹsẹ̀ rìn wọ oko kòkó bàbá wa. Ó fà mí lé ìyá àgbà kan tó ń gbé abà lọ́wọ́, ó ní kí n dúró, pé ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá gbé mi.

Ẹ gbọ́, ọkọ̀ wo ló ń dé abà? Kẹ̀kẹ́ gan-an kì í débẹ̀. Síbẹ̀, mo jókòó ti àpótí mi, mo ń retí ọkọ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Bọ̀dá á yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wá. Mo bèèrè ìyá mi. Ó ní ìyá ní àwọn ò fẹ́ rí mi títí n ó fi gbádùn, pé ojú ń ti àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Mo sunkún, mo sì gbà pé òótọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, èlùbọ́ yẹn, ìyá mi ló gún un, àwọn ló kù ú, wọ́n ń fi rán Bọ̀dá sí mi ní Abẹ́òkúta! Ó ti sọ fún wọn pé òun ti wá ẹni tó ń dáná fún mi níbẹ̀, pé ara mi ń yá, pé dókítà ò fẹ́ àlejò.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló tú àṣírí. Àrùn ìgbóná ń jà, ìjọba ní kí wọ́n máa bupá fún àwọn ará oko. Wọ́n débi tèmi, wọ́n di apá mi mú, wọ́n wojú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ ni Fúnmi? Ẹ̀gbọ́n rẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé òun ti mú ẹ dé Abẹ́òkúta."

Mo ní ọkọ̀ ni mò ń dúró dè.

Wọ́n jókòó sórí ẹní tí a ń sá kòkó sí, wọ́n káwọ́ lérí.

Lọ́jọ́ kejì ìyá mi dé, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Ìpotì. Àwọn ló là á yé mi. Bọ̀dá fẹ́ gbé ọmọ Ẹ̀fọ̀n kan níyàwó, ẹbí ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ mọ ìwádìí wa nílẹ̀ yìí: ṣé adẹ́tẹ̀ wà nílé yẹn, ṣé olè wà, ṣé wèrè wà? Bí mo bá wà nílé, wọ́n á rí mi. Bí òun bá tẹ̀lé mi lọ, wọ́n á bèèrè ibi tó lọ. Ló bá sin mí láàyè sínú kòkó.

Ìyá mi gbé àpótí mi rù. Wọ́n ní, "Ulé mi ni ọmọ mi á ti kọ́kọ́ jẹun ná."

Lẹ́yìn náà la gba ọ̀nà Aramọkọ. Òyìnbó tí ìyá ò gbọ́, ta ló bi wọ́n léèrè rẹ̀? Iyán ni wọ́n ń gún fún mi lábúlé yẹn, èmi ń lọ, mo ń bọ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà tí a máa fi padà, ohùn ẹ̀yìn fèrèsé ti dákẹ́.

Ẹbí ìyàwó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí a tó dé. Ṣé wọ́n sá? Wọn ò sá o. Ìyàwó fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ká ní Bọ̀dá sọ fún òun ni, òun náà ì bá bá mi lọ dáná.

Bọ̀dá bẹ̀ mí, ó ní ìtìjú ló mú òun. Mo dárí jì í, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ra mọ́tò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú títì lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wọlé, pé ibi tí mò ń lọ lòun náà ń lọ. Mo ní kò tíì rẹ ẹsẹ̀ mi. Ó dúró títí, èmi ń rìn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè tẹ̀lé e lọ, ẹ tètè sọ, kí ẹni tó lè lọ dìde.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló tẹ̀lé yín lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yín le? Àbí ẹ̀yin náà ti jókòó ti àpótí yín rí, tí ẹ ń retí ọkọ̀ tí kò lè débẹ̀? Ẹ sọ tiyín, mò ń gbọ́.