Ọjọ́ Tí Àgbá Ìyá Dàpọ̀ Gbẹ

Ẹ béèrè Jímọ̀ Ahọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń mutí nílùú Ọ̀fà, láti ẹ̀gbẹ́ rélùwéè títí dé ọ̀nà pólì, wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, kò sì dùn mí, torí n kò tíì rí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ohun tí ahọ́n mi mọ̀. Bí bíà bá ti sùn sínú oòrùn rí, màá mọ̀. Bí iná bá lọ tí ọtí lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹnì kan wá tún kó o sínú fíríìsà lẹ́ẹ̀kejì, màá mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Àlàájì kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, àmọ́ bí wọ́n bá dárúkọ ahọ́n mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ọlọ́hun ló fún un. Ó kàn lọ ń lò ó síbi tí kò yẹ ni.”

Máàkì ni mo máa ń fún ọtí. Mẹ́wàá ló ga jù. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe é, kí n tó fẹnu kan ata tàbí obì, omi lásán ni mo sì máa ń fi yọ ẹnu, torí ọṣẹ ìfọyín máa ń ba ahọ́n jẹ́. Mo máa kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹnu àkọ́kọ́, màá tu ú dànù. Ẹnu kejì ni màá gbé mì, màá wá dákẹ́, torí ọtí tó bá dáa, ẹ̀yìn tó bá lọ tán ló máa ń sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo bíà tó ń ti ilé iṣẹ́ ńlá ńlá wá, kò sí èyí tó gba ju méje lọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Àfi ọtí Ìyá Dàpọ̀.

Opó ni Ìyá Dàpọ̀, ará ìjọ Áńgílíkà, ọkọ wọn sì ti ṣe káfíńtà ní rélùwéè nígbà ayé rẹ̀. Ọtí ọkà bàbà ni wọ́n ń pọn lẹ́yìn ilé. Wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá yan án títí yóò fi dúdú bí èédú láìjóná. Bí wọ́n bá ti sè é tó sì ti hó fúnra rẹ̀ tán, inú àgbá onípákó ni wọn yóò dà á sí, ibẹ̀ ni ọtí náà á ti sùn láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ á fi dé.

Ọkọ wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àgbá náà. Bàbá yẹn fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sínú rẹ̀, lápá ìsàlẹ̀, ó ní bí ọtí bá ti dé ìlà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bù ú mọ́. Orí ẹ̀ ni kí wọ́n máa da tuntun lé. Ọtí àtijọ́ tó kù nísàlẹ̀, òun àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ló ń kọ́ tuntun bí yóò ṣe rí. Bàbá Dàpọ̀ ti kú kí n tó mọ ibẹ̀, àmọ́ díẹ̀ lára ọtí tó fẹnu ara rẹ̀ tọ́ wò ṣì wà nísàlẹ̀ àgbá yẹn.

Lọ́jọ́ tí ìyá kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún mi, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kò tutù.

“Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni, àbí o fẹ́ kí òtútù máa mú un?”

Mo gbé ife sí imú. Mo gbóòórùn pákó tí òjò pa, mo gbóòórùn oyin tó ràn mọ́ ìdí ìkòkò. Ó dúdú, ó nípọn, ìfófòó orí rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹnu àkọ́kọ́ tó yẹ kí n tu dànù, n kò lè tu ú.

“Mélòó?” ni ìyá wí.

“Mẹ́wàá.”

Wọ́n pòṣé. “O ò tíì mu ún tán, o ti ń fọ́nnu.”

Ká ní mo sọ ọ́ níbẹ̀ tí mo panu mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló rí mi rí tí mo panu mọ́? Ṣọ́ọ̀ki ni mo fi kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: Ọtí Ìyá Dàpọ̀, mẹ́wàá. Àwọn tíṣà pólì wá, àwọn ọlọ́kadà wá, àwọn kan ti Ìlọrin wá. Ní gbogbo Sátidé, ìyá á fún mi ní kẹ́ẹ̀gì kan, wọ́n á ní, “Jímọ̀, ẹnu ẹ yìí ló máa mu ọtí mi tán.” A jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, nínú ọyẹ́, àwọn ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé Èkó wálé, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ mi. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Ọ̀gbẹ́ni kan láàárín wọn wo ara ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Mẹ́wàá ta ni? Ọtí inú igbó! Ahọ́n, àbí ahọ́n yín ti kú ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Dàpọ̀.

“Ó ti dé ìlà, Jímọ̀.”

“Ìyá, jọ́ọ̀gì kan péré.”

“Mo ní ó ti dé ìlà.”

“Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ọtí yín ni wọ́n sì ń bú.”

Ìyá wo àgbá náà bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó sùn. Wọ́n ní, “Bó bá ṣe ẹlòmíì ni, mi ò ní dá a lóhùn.” Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ kan àgbá mú, mo di ìkejì mú, a yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jọ́ọ̀gì kan kún, mo gbé òmíràn sábẹ́ rẹ̀. A ń yẹ̀ ẹ́ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi dé ẹnu rẹ̀.

N kò ní purọ́, n kò mu ohun tó dáa tó ìyẹn rí láyé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín gbé e mì, ó wá bọ́ fìlà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ìrọ̀lẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀, èmi tí mo mọ̀ ọ́n tán, ni pé ọtí ìsàlẹ̀ yẹn náà ló ń mú kí pákó àgbá máa tutù, kó má gbẹ. Ọyẹ́ fẹ́ wọnú àgbá tó ṣófo, pákó sún kúrò lára ara wọn. Ìyá da omi sí i títí pákó fi padà dì mọ́ra. Nígbà tí òjò dé, wọ́n pọn tuntun, wọ́n dà á sí i. Nígbà tó tó àkókò, wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Ó dúdú. Ó nípọn. Mo gbé e mì, mo dákẹ́. Ọtí náà dákẹ́.

“Mélòó?”

“Ìyá...”

“Mo ní mélòó, Jímọ̀. Má fi mí ṣeré.”

“Mẹ́rin.”

Wọ́n mi orí. “Mo ti tọ́ ọ wò. Mẹ́ta ni mo fún un.” Wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n da ìyókù padà sínú àgbá. “Ọtí tí èmi àti Bàbá Dàpọ̀ jọ mu ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ọkà tí mo lè rẹ tó máa hu ìyẹn.”

Wọn kò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi, ì bá sàn.

Láti ìgbà náà, ọtí yẹn ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Mo fọwọ́ ara mi nu mẹ́wàá yẹn kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, màá lọ tọ́ ọ wò fún ìyá, àwa méjì péré. Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo gbé e mì, mo dákẹ́, mo gbọ́ nǹkan kan nínú ọtí náà, lọ́nà jíjìn.

“Mẹ́fà, ìyá.”

“Ṣé kì í ṣe pé ò ń ṣàánú mi?”

“Ahọ́n mi ò mọ àánú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fọwọ́ pa ara àgbá náà. “Mo ti dàgbà o, Jímọ̀. Ṣé á padà rí bó ṣe wà, kí n tó lọ?”

“Á padà, ìyá,” ni mo wí. “Mẹ́wàá ni.”

Nínú gbogbo máàkì tí mo ti fún ọtí láyé mi, ìyẹn nìkan ni mo fún ọtí tí ahọ́n mi kò tíì kàn.