Òkè Àdúrà Tó Wà ní Belize

Nílé wa, a kì í sọ ìrìn àjò títí a ó fi lọ tí a ó fi bọ̀. Òfin ọkọ mi nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn, torí nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà, ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra tán là ń mọ̀ pé bàbá wa ti lọ sí Kánò. Nígbà tí a wá fẹ́ sá fún òtútù Toronto fún ọ̀sẹ̀ kan, tí a fẹ́ lọ sí Belize, orílẹ̀-èdè kékeré kan tí oòrùn ti ń ràn nínú oṣù kejì ọdún, a sọ fún àwọn ará ìjọ wa ní Weston pé Calgary là ń lọ. Ọkọ mi ló mú Calgary. Ó ní kò sẹ́ni tó máa jowú ẹni tó kúrò nínú òtútù bọ́ sínú òtútù.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa lọ, màmá tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ìjọ wa dìde. Wọ́n ní ká máa rántí àwọn nínú àdúrà, àwọn ń lọ sórí òkè fún àwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn lọ́dọọdún, kò ní sí oúnjẹ, kò sì ní sí fóònù. Gbogbo wa ṣe àmín. Màmá yìí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n ti pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì rí nítorí ṣòkòtò tí mo wọ̀ ti ibi iṣẹ́ wá, pé kí ni obìnrin ń fi ṣòkòtò ṣe nílé Ọlọ́run. Ẹ̀rù wọn ń bà mí débi pé síkẹ́ẹ̀tì kan wà nínú búùtù mọ́tò wa tó jẹ́ pé tìtorí wọn nìkan ló ṣe wà níbẹ̀.

Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Belize ni ooru bò wá. Ọkọ mi bọ́ kóòtù, ó ní òórùn Ìjẹ̀bú ni òun ń gbọ́. Igi àgbọn rèé, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rèé, adìyẹ ń sọdá títì bíi pé òun ló ni ín. Títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì ló ń kùn pé a fi igbó sílẹ̀ nílé, a lọ sí ilẹ̀ yìnyín, a tún wá ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká wo igbó. Mo ní kó fara balẹ̀, ẹ̀fọn ibí ò gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó wa lọ síbi tí wọ́n ti ń fi okùn irin fò lórí igbó. Wọ́n kan pèpéle pákó mọ́ ara àwọn igi gíga, wọ́n na okùn irin láti igi kan sí èkejì. Wọ́n á fi bẹ́líìtì dè ọ́ mọ́ okùn náà, wọ́n á sì tì ọ́. Ọkọ mi, tó ń fi ẹ̀rọ gbé ẹrù lọ sókè fíofío ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan tí ẹ̀rù kì í bà á, dì mọ́ igi, ó ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa lọ ná. Kí a tó dé pèpéle kẹta, ó ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé òun á máa tètè dé ìsìn.

Orí pèpéle yẹn la wà tí a fi gbọ́ igbe láàárín igbó.

"Yéè! Orí ìyá mi, gbà mí o!"

Igbe náà kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo mọ ohùn yẹn. Ẹnì kan ń já bọ̀ lórí okùn, ó wọ ṣòkòtò, ó dé akoto pupa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ síwájú. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri gbá a mú, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ẹni náà sì gbójú sókè. Màmá ìjọ wa ni.

Ẹ̀kọ́ ilé máa ń kó bá èèyàn nígbà mìíràn. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Lókè igi, pẹ̀lú okùn nídìí, mo ní ẹ kú àárọ̀, mà. Ọkọ mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ààyè ò sí, ló bá tẹrí ba, akoto rẹ̀ sì kọlu ti Màmá gbàgà. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri rò pé òòyì ló kọ́ wa, ó sáré gbé omi wá.

Màmá wò wá. Wọ́n wo ṣòkòtò ara wọn. Wọ́n tún wò wá.

"Ẹ káàbọ̀ sí Calgary," ni wọ́n wí.

Lọ́sàn-án, wọ́n kó gbogbo wa lọ sí abúlé kan létí òkun, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n ń pè ní Garifuna. Àṣà wọn ni wọ́n fẹ́ fi hàn wá. Kí ni àṣà ọ̀hún? Odó, ọmọ odó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ tí wọ́n ń gún, àti ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Àwọn òyìnbó tò, wọ́n ń gún un níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ya fọ́tò. Obìnrin tó gbà wá lálejò na ọmọ odó sí Màmá. Màmá káwọ́ sẹ́yìn.

"No, my dear," ni wọ́n wí. "Mo ti gún tèmi."

Abẹ́ igi àgbọn ni wọ́n ti wá rojọ́ fún wa, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Markham ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wá tọ́jú àkọ́bí ọmọ náà, èkejì dé, ẹ̀kẹta dé, wọn ò lè padà sílé mọ́. Òwúrọ̀ ni ọmọ àti ọkọ rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Màmá ló ń mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, àwọn ló ń mú wọn bọ̀, àwọn ló ń fi Yorùbá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Lọ́dún kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sinmi díẹ̀. Ẹnu ya ọmọ. Ó ní ìsinmi wo tún ni, ṣebí ilé lẹ wà.

"Ọmọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú o," ni Màmá wí. "Àmọ́ tí mo bá ní mo fẹ́ sinmi, á ní kí n mú èyí tó kéré jù dání. Tí mo bá ní Ọlọ́run ló ń pè mí, kò sẹ́ni tó máa bá Ọlọ́run du mí."

Bí òkè àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní tí ọmọ náà bá gbọ́, ó parí, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tàwọn láàárín ọdún ti lọ nìyẹn. Wọ́n ra ẹ̀gbà ọwọ́ onílẹ̀kẹ̀ búlúù méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, wọ́n so ọ̀kan mọ́ ọwọ́ tiwọn, wọ́n so èkejì mọ́ tèmi.

"Ìmùlẹ̀ rèé. Ẹ ò rí mi."

Mo ní ẹ̀yin náà ò rí wa, mà.

Lọ́jọ́ tí a lọ sínú ihò àpáta, wọ́n fi kálukú wa sórí rọ́bà táyà ńlá, odò sì ń gbé wa lọ jẹ́ẹ́ lábẹ́ òkè. Nígbà tí a dé àárín, wọ́n ní ká pa iná tó wà lórí akoto wa. Òkùnkùn yẹn kì í ṣe kékeré. Omi nìkan ló ń kán. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé mo gbọ́ nǹkan kan. Mo ní rárá.

"Èmi náà ò gbọ́," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó ń pè mí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí ọmọge. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú mi. Ìyá tèmi wà ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì tí ì bi ìyá mi rí bóyá ó ń rẹ̀ wọ́n.

Ní Sọ́ńdè tí a padà dé, Màmá jẹ́rìí. Síkẹ́ẹ̀tì wọn gùn dé kókósẹ̀. Wọ́n ní òkè tọdún yìí ga, wọ́n ní nígbà kan ńṣe ló dà bíi pé àwọn ń fò. Ọkọ mi wúkọ́. Wọ́n gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, gbogbo ìjọ ní oore-ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìsìn ni ọmọ wọn bá mi nídìí mọ́tò. Ó wo ojú mi tí oòrùn ti sun dúdú. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ búlúù ọwọ́ mi, irú kan náà tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Auntie, Calgary gbóná lọ́dún yìí o."

Mo ń wá irọ́ tí mo máa pa, ó ní kí n má ṣe wàhálà. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti mọ̀. Òun lòun ń fọ aṣọ wọn, iyanrìn òkun ló sì máa ń kún inú báàgì. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí fún Màmá, èmi ló sì fà á.

"Please, ẹ má sọ fún wọn pé mo mọ̀," ló wí. "Ojú máa tì wọ́n, wọn ò ní lọ mọ́." Ó tún wo ìlẹ̀kẹ̀ náà. "Ṣé inú wọn máa ń dùn níbẹ̀?"

Mo ti mulẹ̀. Mo ní Calgary ni mo lọ o. Mo wá ní àmọ́ àwọn tó mọ orí òkè yẹn sọ fún mi pé Màmá máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ gan-an. Ó mi orí, ó sì lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀.

Màmá sáré dé, wọ́n ní kí ló ń béèrè. Mo ní Calgary ló ń béèrè, mà.

Nígbà tí òtútù tún dé, tí àwẹ̀ wọn ku díẹ̀, Màmá fà mí lọ sẹ́yìn mọ́tò wa, wọ́n tú ọ̀rá kan. Bàtà rọ́bà ni, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ wọ inú odò. Ọmọ wọn ló rà á. Ó ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lórí òkè, pé òkúta ibẹ̀ lè máa yọ̀.

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, mà."

Wọ́n yí bàtà náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n wo apá ibi tí ọmọ wọn wà, tó ń de bọ́tìnnì kóòtù ọmọ rẹ̀ kékeré, tí kò sì wo ọ̀dọ̀ wa rárá. Màmá jókòó sẹ́nu búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n bọ́ bàtà òtútù wọn, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà odò náà lórí yìnyín.

"Ó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi," ni wọ́n wí.