Iye Ilé Tó Wà Lórí Ewé Gbodogí Mi

Nígbà tí mo kéré, ewé ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ìwé. Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà ní Iléṣà, ọ̀ọ̀lẹ̀ ló sì ń sè tà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ tí mò ń wí, èyí tí a pọ́n sínú ewé gbodogí, tí òórùn ewé náà yóò ti wọnú ẹ̀wà lọ kí ẹ tó tú u. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n nu ewé, kí n gbé e sókè iná díẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí n wá tò ó sínú igbá. Bí mo bá gbàgbé, tí mo fún Yèyé ní ewé tí kò kan iná, yóò ya mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀wà yóò dà sílẹ̀, orí mi ni yóò sì fi ọwọ́ ẹlẹ́wà náà gbá. Mo ti gbé ẹ̀wà lọ sílé ìwé nínú irun rí.

Mo wà ní ọdún kejì ní ilé ìwé módà nígbà tí Tíṣà Làsísì dé bá wa. Ọmọ Òṣogbo ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣí fìlà, pàṣán rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn jù ú lọ. A máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé, àwa sì ń sọ Ìjẹ̀ṣà wa tó ki. Òun ló sọ fún wa pé ewé ṣeé wọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ta ló ń wọn ewé?

Ó ní kí a fi rúlà fa ìlà sórí pépà ní ìbú àti ní òòró, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ilé kéékèèké tó dọ́gba, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wa. Kí a tẹ́ ewé lé e, kí a fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀ yíká, kí a gbé ewé kúrò, kí a wá ka àwọn ilé tó wà nínú ojú ìlà náà. Ilé tí ewé gbà tán, ẹyọ kan. Ilé tí ewé gbà ju ìdajì lọ, ẹyọ kan náà ni. Èyí tí kò tó ìdajì, kí a fò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn dé góńgó. Mo wọn ewé ọsàn, mo wọn ewé kòkó, mo wọn ewé ẹ̀fọ́ tí Yèyé fẹ́ sè lálẹ́. Ewé ìbẹ́pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí lórí rú pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀. Mo ń jẹun, mo ń ka ilé, òkèlè á sì tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Àfi bí Tíṣà ṣe kéde pé òun ń lọ síbi ìpàtẹ àwọn ilé ìwé ní Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, pé òun yóò mú ẹnì kan dání. Ẹni náà ni ẹni tó bá wọn ewé nílé, tí iye tó kọ wá bá sún mọ́ iye tí òun fúnra òun bá kà lórí ewé kan náà ní kíláàsì jù lọ. Òṣogbo ni wọ́n ń sọ yẹn o. Ibẹ̀ ni rélùwéè gbà kọjá. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Iléṣà, n kò sì rí i rí àfi nínú àwòrán. Oorun kò kan ojú mi lọ́jọ́ náà.

Mo ṣa ewé gbodogí tó fẹ̀ jù nínú ìdì ewé Yèyé. Mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ pépà mẹ́ta pọ̀ kó lè gbà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kíní, ẹgbẹ̀ta ilé ó lé méjìlá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó di mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta àti ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó padà sí ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, mo bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ku bí n ó ṣe gbé ewé dé ilé ìwé. Ewé tútù le, bí èèyàn bá ká a sínú ìwé, yóò ya. Mo bá ṣe ohun tó ti mọ́ mi lọ́wọ́: mo gbé e sókè iná, mo yí i síwá sẹ́yìn, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi sínú ìwé mi.

Nígbà tí a dé kíláàsì, ilé mẹ́sàn-án péré ni Délé, ọ̀kan nínú àwa ọmọ kíláàsì, fi ṣì í, ó sì ti ń gbé èjìká ga. Ó kàn mí. Tíṣà tẹ́ ewé mi, ó tọ etí rẹ̀, ó kà á. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé ó lé àádọ́rin. Ó tún un kà, kò yí padà. Ó gba pépà tí mo lò nílé, ó gbé ewé náà lé ojú ìlà tí mo fà, ewé kò kàn án níbì kankan. Ó ní ewé mìíràn ni mo wọ̀n, pé mo fẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba Òṣogbo. Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n na ọwọ́. Mẹ́fà ni, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ó wá kọ orúkọ mi sójú pátákó, ó kọ “òpùrọ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju kí ẹnì kan gbà pé n kò purọ́.

Yèyé kò tètè gbè mí. Ó ní tíṣà kì í na ọmọ láìnídìí, pé bí òun bá rí ìdí náà, òun yóò fi tòun kún un. Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti gbé ewé sókè iná, Yèyé fi ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. Ó ní, “Ewé tó kan iná, o fẹ́ kó tóbi bí ti tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹran kì í sún kì lórí iná ni?” Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń ṣa ewé tó fẹ̀ ju ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ. Ìmọ̀ tí ó ti ń lò láti ìgbà tó ti ń sè ni, kò sì rò pé ó tó sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Yèyé kò se ọ̀ọ̀lẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ó ru àdògán tí ẹyin iná ń pọ́n nínú rẹ̀, mo kó ewé tútù tẹ̀lé e, ó di inú kíláàsì wa. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kí i. Yèyé ní kó wọn ewé tútù kan. Ó wọ̀n ọ́n, gbogbo kíláàsì ń kà á sókè. Yèyé gba ewé, ó yí i lórí iná bó ṣe máa ń ṣe, ó dá a padà fún un. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn wa pa lójijì nígbà tí ilé tán, a kò sì tíì dé iye ti àkọ́kọ́. Ariwo ta. Délé gan-an gun orí bẹ́ǹṣì.

Tíṣà jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Ó ń wo ewé, ó ń wo Yèyé. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Yèyé ní, “Èmi kọ́ lẹ nà.”

Tíṣà ṣí fìlà, ó rìn wá sí ìdí bẹ́ǹṣì mi, ó ní, “Mo nà ọ́ láìṣẹ̀. Má bínú sí mi.” N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí, mo kúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ pa ọ̀rọ̀ ojú pátákó náà rẹ́, ẹfun sì kún apá aṣọ rẹ̀.

Ó mú Délé lọ sí Òṣogbo, ó mú èmi náà. Mo rí ọkọ̀ ojú irin. Ó fọn, ilẹ̀ mì, mo sá sẹ́yìn Tíṣà, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rín lábíyá.

Lónìí, fóònù ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń nà sójú ewé, yóò sì sọ bó ṣe fẹ̀ tó fún wọn. Inú ọ̀rá ni ọ̀ọ̀lẹ̀ wà, wọn kò mọ gbodogí. N kò bá wọn jà, ayé ń lọ ni. Pàṣán pàápàá ti ń kúrò nílé ìwé, ìyẹn sì dára.

Èmi náà ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo na ọmọkùnrin kan nítorí aago ọwọ́ mi tó sọnù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí aago náà nínú báàgì mi. Lọ́jọ́ kejì mo ra bísíkíìtì fún un, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà náà, mo sọ fún ara mi pé tíṣà kì í bẹ ọmọdé. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo ti rí èyí tó bẹ̀ mí.