Tọ́ Ọ Wò Bóyá Iyọ̀ Rẹ̀ Tó

Mo rántí ìgbà tí itọ́ máa ń dà lẹ́nu mi, síbẹ̀ tí n ó kúnlẹ̀, tí n ó ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, tí n ó sì wí pé, "Ẹ ṣeun, mà, mo ti yó." Irọ́ gbuu ni. Fíìmù àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló rán mi létí. Èmi àti ọmọbìnrin mi jọ wò ó ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n pa ọmọ kan tì nínú fíìmù náà, ó ń jí búrẹ́dì jẹ kiri àdúgbò kí ìjọba tó wá fi í sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ọmọ mi ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy, that's not funny!" Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú fíìmù yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́ tó èmi. Ebi tó pa mí lọ́mọdé kò kéré sí tirẹ̀, n kò sì jí ohunkóhun. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́.

Sharpstown ní Houston la ń gbé nígbà náà, ní òkè ilé àtijọ́ kan tí èèyàn ti lè máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ orí freeway látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá mi ti lọ sílé, nílẹ̀ Yorùbá, láti lọ sin bàbá wọn, ìwé tí wọ́n fẹ́ fi padà sì há sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ó wá ku èmi àti bàbá mi. Tírélà ni wọ́n ń wà, wọ́n ń gbé ẹrù lọ sí ìlú tó jìnnà. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n kàn gbà pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá ti lè ṣí fíríìjì ti di àgbà nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kì í ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn odi. Nígbà tó yá, ìrìn àjò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Wọ́n á se ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á ní kí n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìrẹsì bá tán, n ó máa jẹ sírílì. Bí mílíìkì bá tán, omi ẹ̀rọ ni n ó bù sí i. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iléèwé ń bọ́ mi. Sátidé àti Sọ́ńdè ni ọ̀tá mi.

Ẹ ó ní ṣé kò sí ọmọ Yorùbá nítòsí ni? Wọ́n pọ̀ bíi rẹ́rẹ, wọ́n sì lawọ́. Ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó, àwọn igba ojú náà sì ń wò mí dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ìyá mi tó lọ, òfin kan ni wọ́n gbìn sí mi létí: ọmọ àbíire kì í jẹun nílé onílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ilé tí mo bá dé, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo ti yó. Àwọn ìyá á pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Tèmi, tí wọ́n bá ti dé ilé èèyàn báyìí, fridge ni straight!" Wọ́n á fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn yẹn á sì máa fojú burúkú wò mí, itan adìẹ lẹ́nu wọn. Orí mi á wú. N ó gbé ìyìn lọ sílé, n ó lọ mu omi lé e.

Ìyá kan wà tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, Màmá Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ohùn wọn ròkè, bọ́ọ̀sì iléèwé wa ni wọ́n sì ń wà. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti ká lọ sí ìlú mìíràn. Inú dígí bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ti rí mi. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí gbogbo ọmọ bá ń hó yèè lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, èmi á máa fẹsẹ̀ wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sẹ́wọ̀n, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, n ó ti dúró ti bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ṣáná sí i. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé irú ọmọ wo ló ń sáré lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé.

Ní Sátidé kan, wọ́n pè mí wọlé. Àsáró wà lórí iná, òórùn epo àti ẹja gbígbẹ ti gba gbogbo ilé.

"Wá jẹun."

"Ẹ ṣeun, mà, mo ti yó."

Inú mi kùn. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Màmá Ìsàlẹ̀ wò mí títí, wọn kò bá mi jiyàn.

"Ó dáa. Mo fẹ́ rán ẹ níṣẹ́. Ahọ́n mi ò mọ adùn mọ́ látàárọ̀. Bá mi tọ́ àsáró yìí wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

Ọ̀rọ̀ dé. Ìyá mi sọ pé n kò gbọdọ̀ jẹun nílé onílé, ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé ọmọ tí àgbà rán níṣẹ́ tó kọ̀, ó tẹ́. Mo gba abọ́. Ohun tí wọ́n ní kí n tọ́ wò náà kún dé ẹnu, orí ẹja wà lórí rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò títí tí mo fi rí ìdí abọ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ tó?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bù ú kún, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mo rò pé ata ló ta sí wọn lójú.

Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Dádì ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń sùn. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká lọ kí wọn." A gun òkè, mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo yàrá, wọ́n ṣí fíríìjì, wọ́n rọra pa á dé. Ẹkún gbọ̀n mí, mo jẹ́wọ́ pé bàbá mi ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn odi. Màmá Ìsàlẹ̀ jókòó tì mí lórí àkàsọ̀, wọ́n ní, "Èmi tí mò ń wakọ̀ ọmọ iléèwé, òfin ò gbà kí n rí irú èyí kí n dákẹ́. Màá pe ìjọba."

"Wọ́n á gbé mi lọ, mà!"

"Wọ́n á wá o. Èmi náà á sì wà níbẹ̀."

Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àsáró wọn nínú mi.

Arábìnrin kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní wọ́n ń wá bàbá mi lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò lè dá sùn mọ́. Alágbàtọ́ kan wà ní òdìkejì ìlú tó lè gbà mí. Màmá Ìsàlẹ̀ náà sì ti ní àwọn fẹ́ mi lọ́dọ̀, ìjọba sì ti yẹ̀ wọ́n wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. "Would you like to stay with her, sweetheart?"

Ó fi lọ̀ mí bí wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ lọni. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀, ọwọ́ mi ti lọ sẹ́yìn.

"No, thank you, ma. I'm fine."

Arábìnrin náà mi orí, ó ní kò burú, ó sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Inú mi ń pariwo, ẹnu mi kò là. Ibi tí ẹ̀kọ́ ilé fẹ́ gbé mi lọ nìyẹn, òdìkejì Houston, lọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Màmá Ìsàlẹ̀ káwọ́ lérí. "Ha! Ìyá ọmọ yìí mà kọ́ ọ já o!" Wọ́n kọjú sí arábìnrin náà: "Madam, please wait. In our place, a good child must say no first." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ìwọ ò sì mọ̀ ọ́n ṣí. Kò burú. Iṣẹ́ ni mo rán ẹ. Lọ sókè, kó ẹrù ẹ wá, kó o wá bá mi tọ́ oúnjẹ alẹ́ wò."

Wọn kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti wà lórí àkàsọ̀. Mo gbọ́ tí arábìnrin náà ń béèrè pé kí ni wọ́n sọ fún mi. Nígbà tí mo fi máa padà dé, tèmi ti àpò iléèwé mi àti ìrọ̀rí mi, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí. Ilé ẹjọ́ kò rán bàbá mi lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò dá mi padà fún wọn. Sọ́ńdè Sọ́ńdè ni wọ́n ń wá kí mi, wọ́n á jókòó sétí àga bí àlejò, bí a bá sì fi oúnjẹ lọ̀ wọ́n, àwọn náà á ní àwọn ti yó. Màmá Ìsàlẹ̀ kò rán wọn níṣẹ́ rárá. Nígbà tí ìwé ìyá mi jáde, tí wọ́n dé, mo ti ga jù wọ́n lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Màmá Ìsàlẹ̀, wọn kò tètè dìde. Ìyá méjì ni mo ní látọjọ́ náà, n kò sì bá ẹnì kankan jà lórí ìkankan nínú wọn.

Cinco Ranch, lẹ́bàá Houston, ni mo ń gbé báyìí. Yàrá ìsàlẹ̀ ni Màmá Ìsàlẹ̀ wà nínú ilé mi, nítorí orúnkún wọn. Láti ìgbà tí ọjọ́ ogbó ti dé, oúnjẹ kò wù wọ́n mọ́. Dókítà sọ̀rọ̀ títí, ọmọ mi bẹ̀ wọ́n títí, ara wọn sì ń fẹ́lẹ́ lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí ni mo ṣe ń fi fíìmù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fíìmù náà parí ní Sátidé yẹn, mo wọ ilé ìdáná, mo se àsáró, mo fi orí ẹja lé e, mo gbé e lọ bá wọn.

"Mo ti yó," ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà bá mi tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ lò ń rán mi níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n gba ṣíbí. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò títí wọ́n fi rí ìdí abọ́. Mo béèrè bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Màmá Ìsàlẹ̀ wí, wọ́n sì na abọ́ sí mi kí n tún bù sí i.