Fọ́tò Bọ̀dá Wálé Lára Ilẹ̀kùn Plovdiv

Irun ni mò ń dì nígbà tí fèrèsé wa ní Kharkiv, ní Ukraine, mì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ rìnrìn àjò láàárọ̀ ọjọ́ náà ló jókòó síwájú mi. Nígbà tí bọ́ǹbù dún lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde pẹ̀lú irun tí mo dì dé ìdajì orí, ó sá jáde. Mi ò rí i mọ́.

Bọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀, ló mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n máa dirun. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé. Òun ló fà mí wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. A wà níbẹ̀ títí oúnjẹ fi tán. Yìnyín la ń yọ́ mu. Tí bọ́ǹbù bá bọ́, eruku á já lé wa lórí. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé ò sunkún mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ tò fún búrẹ́dì.

"Bọ̀dá, ẹ má lọ."

"Ṣé irun lo fẹ́ sè fún wa ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ti ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀."

Bọ́ǹbù bọ́ sáàárín àwọn tó tò. Aládùúgbò wa kan ló mú fìlà rẹ̀ wá fún mi. Wọ́n ti sin ín pẹ̀lú àwọn yòókù kí n tó débẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì gbé mi dé Plovdiv, ìlú àtijọ́ kan ní Bulgaria. Ìyá arúgbó kan, Baba Stanka, gbà mí sílé. Baba ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀. Òkè rẹ̀ yọ sójú títì bí ẹni tó ń yọjú wolẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni gbàgede eré tí àwọn ará Róòmù fi òkúta kọ́ wà, àwọn àlejò ń ya á ní fọ́tò. Èmi ò wo òkúta. Ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Àwọn ará ìlú ń lẹ bébà mọ́ ọn, fọ́tò òkú àti orúkọ rẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Tọ́dún bá yí po, wọ́n á tún lẹ òmíràn.

Nílé wa, òkú arúgbó là ń lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri. Tọ̀dọ́ bá kú, ṣe la ń dákẹ́.

Baba Stanka bi mí pé, "Ta lo fi sílẹ̀ níbẹ̀?" Mo fi fọ́tò inú fóònù mi hàn án. Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá Wálé wà lára ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ ìyá náà tó ti kú. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Nígbà tó yá, Màmá mú mi wá sọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Houston, ẹ bi mí pé, "Auntie, where is Uncle Wálé?" Ní Plovdiv, níbi tí kò dé rí, ẹni tó bá kọjá ló mọ̀ pé ó ti kú. Ní Cypress níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, Màmá ń sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ṣì ń kàwé.

Nígbà tí mo gba apartment tèmi ní Greenspoint, ní Houston, mo lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Màmá wá kí mi. Wọn ò wọlé.

"Ta ló ní kó o ṣe èyí?"

"Màmá, Bọ̀dá ti kú."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ọmọ mi ò kú!"

Wọ́n ṣí fọ́tò náà kúrò. Wọn ò fà á ya. Wọ́n fi etí ìró nu ojú rẹ̀, wọ́n fi í sínú Bíbélì, wọ́n padà sínú mọ́tò.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró wo ilẹ̀kùn. Sẹ́lótéèpù ló kù ní igun mẹ́rin ibi tí ojú rẹ̀ wà. Mi ò ha á kúrò.